Oòrùn ni wọ́n kọ, oorun ni mo kà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, àti ìwọ àbúrò mi tí ẹlòmíràn yóò ka ìwé yìí fún, egungun ẹja kan ti há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́ta. Mo gbé e mì, kò lọ. Mo fẹ́ pọ̀ ọ́, kò jáde. Lónìí ni n ó fi ọwọ́ ara mi fà á yọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá tẹ̀lé e, kó tẹ̀lé e. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, pé n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́. Ó kù díẹ̀ kí n bi í pé èyí tó wà nínú mi ńkọ́, ta ni yóò bá mi sọ̀ ọ́? Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà. Bí ìwé mi bá wọ́, ẹ má bínú sí i, ohun tí mo fẹ́ sọ wọ́ jù ú lọ.

Nínú ọmọ méje tí ìyá wa bí, èmi nìkan ló fi ẹsẹ̀ kan ilé ìwé, kí àìsàn ìyá wa tó dá mi padà sílé. Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Èmi ni òòbẹ̀ tí wọ́n rí. Káàdì ilé ìwòsàn, àkọlé ara ìgò oògùn, lẹ́tà ọmọ tó wà lókèèrè, èmi ni mo ń kà á fún gbogbo àdúgbò. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Lẹ́tà. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ. Bí wọ́n bá kó ìwé wá, n ó kọ́kọ́ nu gíláàsì ojú mi, n ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, n ó jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ tí n kò mọ̀ a máa wà níbẹ̀. N ó méfò. Ta ni yóò mú mi?

Àbúrò mi tí mò ń wí yìí ni àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Kò mọ A yàtọ̀ sí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Afárá, nítorí ogójì ọdún ló fi jó irin afárá pọ̀ lórí odò kan sí òmíràn. Ó mọ irin, kò mọ ìwé. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ mi sì ti fọ́n ká bí ẹ̀wà inú agbọ̀n tó dà nù, àwọn méjèèjì ní kí n wá máa gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, wọn kò jẹ́ kí n rí ara mi bí àlejò rí. Bí àbúrò mi bá po tíì láàárọ̀, ife mẹ́ta ni. Ẹ fi ife mẹ́ta yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí Bàbá Afárá fẹ̀yìn tì, ó fa ilé kékeré kan wọ àgbàlá, ilé orí táyà tí mọ́tò máa ń fà lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní káráfáànì. Ibùsùn kan wà níkangun kan, sítóòfù olójú kan wà níkangun kejì, ibi ìfọwọ́ rẹ̀ kò sì ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ ní Ìgbín, nítorí ó ń gbé ilé rẹ̀ rìn. Ó ní afárá mọ́kànlá ni òun kọ́, gbogbo ayé ló ti gba orí wọn kọjá, àfi ìyàwó òun tí òun ń fi sílẹ̀ nílé. Ó ní oṣù mẹ́rin ni àwọn máa lò, àwọn á sùn sí etí odò kọ̀ọ̀kan, àwọn á rìn kọjá lórí afárá lówùúrọ̀, àwọn á wá gbéra lọ sí èyí tó kàn. Èmi ni mo bá a kọ orúkọ afárá mọ́kọ̀ọ̀kànlá sínú ìwé pélébé kan. Àbúrò mi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di arúgbó kó tó rántí pé òun ní ìyàwó, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń to aṣọ wọn sínú àpótí, tó ń kọrin jẹ́jẹ́.

Ohun kan ló wà níbẹ̀. Èémí Bàbá Afárá kì í já gaara bó bá sùn. Àwọn oníṣègùn ti fún un ní ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nínú ilé, iná wà. Létí odò, ta ló fẹ́ fa wáyà dé ibẹ̀? Ni wọ́n bá pe ẹlẹ́tíríìkì kan tó ń gbé òpópónà kejì. Kòsíwàhálà là ń pè é, nítorí ohunkóhun tí o bá sọ fún un, èsì tó ń fọ̀ náà nìyẹn. Ó gbé páńẹ́lì sólà méjì sórí òrùlé Ìgbín, ó gbé bátìrì sábẹ́ ibùsùn, ó kan kọ̀ǹtírólà mọ́ ògiri, àpótí kékeré kan tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú. Ó ṣàlàyé fún wa pé bátìrì tó ń ṣí mọ́tò yàtọ̀ sí bátìrì ilé. Ti mọ́tò á sáré lẹ́ẹ̀kan, á jókòó. Ti ilé ń rìn bí àgbàlagbà ni, díẹ̀díẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Bí nọ́ńbà bá lé ní méjìlá àtààbọ̀, ó yó. Bó bá bọ́ sísàlẹ̀ méjìlá, ebi ti ń pa á. Ó ní ká má jẹ́ kí ebi pa á pẹ́ o, nítorí bátìrì tí ebi bá pa jù, bí o tilẹ̀ gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, kò ní lè jẹ ẹ́ mọ́.

Ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú nígbà tó parí. Súìṣì méjì ló wà lábẹ́ kọ̀ǹtírólà. Ó ya téèpù funfun, ó fi báírò kọ nǹkan sí i gàdàgbà-gàdàgbà, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ súìṣì. Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́ kan tó jìnnà ní ìdájí, pé ṣebí Ìyá Lẹ́tà wà nílé, yóò kà á fún wọn. Ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi fà mí lọ́wọ́ wọ inú Ìgbín. Ó ní kí n bá òun wò ó. Mo nu gíláàsì, mo húkọ́. INA ni ti àkọ́kọ́, ìyẹn kò le. Èkejì ni OORUN. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ oorun bàbá ló kún orí mi, nítorí rẹ̀ ṣáà ni gbogbo iṣẹ́ yẹn ṣe wáyé. Mo ní, "Oorun ni. Ti ẹ̀rọ ọkọ rẹ ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, kí ẹ tàn án. Bẹ́ ẹ bá jí, kí ẹ pa á, kó má baà jẹ bátìrì." Ẹ gbọ́ bí mo ṣe fi iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n kọ, ìwàásù ni mo kà jáde. Àbúrò mi kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ní kí Ọlọ́run má pa ojú òun dé mọ́ òun lára. Èmi lojú tó ń wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nínú Ìgbín nínú àgbàlá, láti dán an wò. Ní gbogbo òwúrọ̀, bí oòrùn bá ti ń yọ, àbúrò mi á pa súìṣì náà. Bó bá wọ̀ tán, á tàn án. Ẹ̀ ń rí i? A ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò nígbà tó dé, a ń ṣí i fún un nígbà tó ti lọ. Páńẹ́lì wà lórí òrùlé, oòrùn ń dà lé e lórí bí omi, ẹ̀kán kan kò dé inú bátìrì. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀rọ kú kí ilẹ̀ tó mọ́, Bàbá Afárá jí, ó ń wá èémí kiri bí ẹni tó jábọ́ sódò. Ẹ̀rù ba àbúrò mi. Ó ní àwọn kò ní kúrò nílé àfi bí bátìrì bá lè gbé ẹ̀rọ náà dé òwúrọ̀. Títí dé ibí yìí, àṣìṣe ni. Ká ní ibí ló parí sí, ẹ̀rín là bá máa fi rín.

Nígbà tí Kòsíwàhálà ti ìrìn àjò dé, àbúrò mi ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Èmi ni mo mú un wọ inú Ìgbín. Ó tẹjú mọ́ ògiri, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá, ta ló pa oòrùn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ etí mi pẹ̀lú ohùn tó bí i. Oòrùn. Mo ní bóyá níbi tí a ti ń nu ilẹ̀ ni aṣọ ti kọ́ ọ. Ó ní kò sí wàhálà. Ó tàn án, ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n má pa á mọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀sán ìbáà jẹ́ òru, pé bí Ìgbín bá jókòó lásán fún oṣù mẹ́fà pàápàá, oòrùn ni yóò máa bọ́ bátìrì yẹn kó má baà kú. Mo ní n ó sọ fún wọn. Lóòótọ́, bó ṣe ń jáde, ó wà lọ́kàn mi láti sọ. Ìtìjú ló kọ́kọ́ dì mí mú. Ìyá Lẹ́tà tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kan! Mo jókòó sí etí ibùsùn, mò ń wo nọ́ńbà tó ń gòkè: méjìlá, méjìlá àti díẹ̀. Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri, èmi náà ni mo yí báírò po ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá. Mo wo apá sítóòfù. Àbúrò mi ti kan ìkọ́ mọ́ ibẹ̀, ó ti gbé ife wọn kọ́ sí i kó má baà fọ́ lójú ọ̀nà. Ife méjì. Mo wá ìkọ́ kẹta, kò sí. Ẹ gbọ́ mi, ó mọ́gbọ́n dání, ìrìn àjò tọkọtaya ni. Ṣùgbọ́n mo rí ara mi nínú ilé ńlá yẹn fún oṣù mẹ́rin, èmi àti ago ògiri. Mo rántí ọkọ tèmi, tí kò mú mi kọjá ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ rí. Mo na ọwọ́. Súìṣì náà dún kẹ́. Ìdún kékeré báyìí, bí ẹni fi èékánná pa iná orí.

Nígbà tí wọ́n dé, àbúrò mi bi mí pé kí ni ẹlẹ́tíríìkì wí. Mo ní ó ní kí ẹ máa ṣe é bí mo ṣe wí. Iṣẹ́ mi parí síbẹ̀, nítorí ọwọ́ àbúrò mi gan-an ló ń bá mi ṣe ìyókù ní gbogbo òwúrọ̀ tí Ọlọ́run ń dá. Ọjọ́ tí mo fi báírò yí po kọjá. Mo pa á rẹ́, mo kọ òmíràn. Kòsíwàhálà gbé bátìrì mìíràn wá ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí súìṣì wà ní títàn, ebi pa ìyẹn náà kú. Ó fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò, mo sọ fún àbúrò mi pé ẹni tó ń tajà burúkú kì í fẹ́ kí ọwọ́ òun kúrò lára rẹ̀, pé kó má jẹ́ kó wọlé mọ́. Mò ń bá wọn káàánú. Mò ń bá wọn gbàdúrà lórí bátìrì, ẹ dárí jì mí, mo ń ṣe àmín. Bàbá Afárá padà sùn nínú ilé, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ á lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn Ìgbín, á ká ọwọ́ mọ́ orúnkún bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Àbúrò mi á gbé tíì lọ bá a, á sì gbé tèmi wá. Ife mẹ́ta. Mo mu ún. Ó dùn lẹ́nu mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí ìgboro. Àbúrò mi tí kì í pariwo lé adìyẹ, ó pàdé Kòsíwàhálà níwájú ilé, ó ní olè ni, pé ó ta òkú bátìrì fún arúgbó tí èémí ń yọ lẹ́nu. Aránṣọ òdìkejì pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó jáde. Àwọn mẹ́ta tó ń ṣe táyà dúró. Ọkùnrin náà kò bú u padà. Ó kàn ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ń wá ojú mi láàárín èrò. Ó ní, "Ìyá Lẹ́tà, ṣebí mo sọ fún yín pé kí wọ́n má pa á?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní, "Ìwọ? Ọjọ́ wo lo bá mi sọ̀rọ̀ bátìrì?"

Kò jiyàn, kò búra. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Ìyá," ó gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Wàhálàdé. Ẹni tó bá fẹ́ fa wáyà sílé á wá ẹlòmíràn lọ. Kí ọdún tó parí, ó ti kó ìyàwó àti ọmọ kúrò ní òpópónà kejì, n kò sì mọ ibi tó gbà. Mo ti pa irọ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n irọ́ abẹ́lẹ̀ ni. Èyí ni mo pa lójú ọ̀sán, oòrùn tí mo tì síta wà lókè, ó ń wò mí.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ kànga. Kì í ṣe ibẹ̀. Òjò dé, èémí Bàbá Afárá ń kúrú sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí n jókòó ti òun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí ẹlẹ́tíríìkì yẹn. Ẹ kọ ọ́ pé mo ti dárí jì í. Bátìrì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé bínú lọ sọ́run." Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìdáríjì sí ẹni tí kò ṣẹ̀, níwájú ẹni tí mo ṣẹ̀, ó sì ń kí mi pé mo ṣeun. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu mi là lẹ́ẹ̀mejì láti sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló padé. Ó wá ní kí n ka orúkọ afárá òun. Mo kà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá dárúkọ kan, á sọ fún àbúrò mi bí omi ibẹ̀ ṣe rí, èyí tó pupa, èyí tó ní àpáta láàárín, èyí tí ẹja ti máa ń fò yọ láàárọ̀. Àbúrò mi ń mi orí bí ẹni tó ń rí i. Nígbà tí mo ka ìkeje, oorun ti gbé e lọ. Mo pa ìwé náà dé. Ó kú ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, a kò sì ka mẹ́rin tó kù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo wọ inú Ìgbín lọ́sàn-án gangan, mo tan súìṣì náà. Nọ́ńbà gòkè dé méjìlá. Mo jókòó, mò ń bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ìkùukùu kan ṣáà kọjá lójú oòrùn, ó já wálẹ̀ gbì. Ebi ti pa á jù. Ohun tí Kòsíwàhálà sọ náà nìyẹn. Ìgbín ṣì wà nínú àgbàlá, koríko ti bo táyà rẹ̀, àwọn páńẹ́lì náà sì ń yá oòrùn lójoojúmọ́ fún ẹni tí kò sí. Àbúrò mi ti já ife méjèèjì wálẹ̀ kúrò lórí ìkọ́. Àwọn la fi ń mu tíì báyìí, èmi àti òun. Ohun tí mo jowú náà ló wá di tèmi. Láàárọ̀ àná pàápàá ó gbé e wá, ó ní kí n mu ún kó tó tutù. Ọjọ́ kan kò kọjá tí kò ní sọ pé, "Àǹtí mi, ká ní bátìrì yẹn dára ni."

Kí ló wá mú mi kọ ọ́ lónìí? Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé, ló wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Ó ní a kì í darúgbó jù láti kẹ́kọ̀ọ́, ó jókòó tì mí, ó ń kọ́ mi ní àmì ohùn tí kíláàsì mẹ́ta tèmi kò dé. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìfi àmì sí i, ó ní kí n sọ èyí tó jẹ́ èwo. Ó wá fi àmì sí i: oòrùn tó ń ràn, oorun tí à ń sùn, òórùn tí imú ń gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín pé ẹ wo bí àmì kékeré ṣe lè ṣi èèyàn lọ́nà. Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ojú ló ń dùn mí. Ọmọ mi, kì í ṣe àmì ló ṣì mí lọ́nà. Àmì ṣì mí lọ́nà fún ọjọ́ mélòó kan péré. Ìyókù, mo mọ̀ ọ́n kà.

Lẹ́tà tí Bàbá Afárá ní kí n kọ wà nínú àpótí mi, lábẹ́ ìborùn aláwọ̀ ewé. N kò fi í ránṣẹ́ rí. Ẹ bá mi wá Kòsíwàhálà rí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má fún un ní lẹ́tà yẹn, kò jẹ gbèsè ìdáríjì kankan. Èyí ni kí ẹ fún un. Kí ẹ kúnlẹ̀ fún mi bí orúnkún tèmi kò bá lè dé ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì lọ láti ilé dé ilé ní òpópónà wa, kí ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tí kò mọ̀wé bá na ìwé sí yín, ojú rẹ̀ ló yọ lé yín lọ́wọ́ yẹn. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹnu kì í ya níbẹ̀.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, n kò ní kó o dárí jì mí lónìí. Bí o bá fẹ́ da tíì mi sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, dà á sílẹ̀. Afárá mẹ́rin tí a kò kà wà lẹ́yìn ìwé yìí, mo ti kọ wọ́n síbẹ̀, kí ọmọ-ọmọ mi kà wọ́n fún ọ kó tó pa á dé. N kò lè jókòó ka èyí sí ọ létí fúnra mi, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá dé ibi tó burú, n ó fo ìlà. Ìwọ ọmọ-ọmọ mi, tí ohùn rẹ ń ka ìwé yìí báyìí, má fo ìlà kankan nítorí mi. Má fi iyọ̀ sí i. Bí ó bá bi ọ́ pé ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, fi ìka rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Mo ti fi àmì sí i.